“Ẹ Lọ Sinmi” Kì Í Ṣe Ìkẹ́

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo wa máa ń sọ fún ẹni tó bá ṣàìsàn tó le, tí a sì máa ń rò pé ìfẹ́ ni a fi hàn: “Ẹ lọ sinmi.” Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti rí ohun tí gbólóhùn yìí ṣe fún àbúrò ìyá mi, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ fún mi láyè kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí pé láìpẹ́ yìí, púpọ̀ nínú wa ni yóò di olùkọ́, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tàbí ọ̀gá níbi iṣẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti gboyè jáde sì ti wà níbẹ̀ ní tiwọn.

Àǹtí mi ni mo máa ń pè wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé ní Ìbàdàn láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì. Olùkọ́ kíláàsì kẹrin ni wọ́n ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan. Ọdún kọkànlá wọn lẹ́nu iṣẹ́ náà ni wọ́n ń wẹ̀ lọ́wọ́ tí ọwọ́ wọn fi kan kókó kan nínú ọmú ọ̀tún. Kókó náà kò dùn wọ́n rárá. Ohun tó máa ń tan ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ nìyẹn, nítorí pé kókó jẹjẹrẹ kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò, jẹjẹrẹ ni. Àwọn dókítà gé ọmú náà, wọ́n sì yọ àwọn kókó kéékèèké tó wà ní abíyá pẹ̀lú, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àìsàn náà ti ń rìn kúrò lójú kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni Àǹtí mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ojú ọgbẹ́ ti jiná, ṣùgbọ́n kẹmó ṣì kù tí wọ́n máa gbà. Iléèwé san owó oṣù kan fún wọn nígbà tí wọ́n wà nílé. Nígbà tí oṣù kejì pé, ìdáhùn tí wọ́n rí gbà ni pé ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò lè gba owó. Bẹ́ẹ̀, àsìkò tí owó ń jáde bí omi nìyẹn: owó àyẹ̀wò, owó oògùn, owó ọkọ̀. Yorùbá ní ìlera loògùn ọrọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti tò níwájú ibi ìsanwó nílé ìwòsàn rí á mọ̀ pé ọrọ̀ náà loògùn ìlera. Bí iṣẹ́ bá dúró, ìtọ́jú náà á dúró.

Kì í sì í ṣe owó nìkan. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ṣíwájú ọjọ́ tí wọ́n padà, Àǹtí mi jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń kọ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀, wọ́n sì ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́. Mi ò gbọ́ orin lẹ́nu wọn láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Nílé ìwòsàn, aláìsàn ni wọ́n. Nílé, ẹni tí gbogbo wa ń ṣọ́ bí ẹyin ni wọ́n. Níwájú àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin nìkan ni wọ́n ti tún lè jẹ́ olùkọ́.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ajé? Níbi tí àwọn ọmọ ti tò láàárọ̀, ìyá tó ni iléèwé ní kí gbogbo ènìyàn bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nítorí pé olùkọ́ wọn tí wọ́n gé ọmú rẹ̀ ti padà dé. Mo gbà pé ète ìyá náà dára. Ṣùgbọ́n kó tó di àkókò ìsinmi ọ̀sán, ọmọ kan ti bi Àǹtí mi pé, “Àǹtí, ṣé lóòótọ́ ni pé ọmú yín ku ẹyọ kan?”

Àǹtí mi dá a lóhùn pé, “Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí tí mo fi ń ṣe ìṣirò kò dín. Lọ mú ìwé rẹ wá.”

Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́ fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, wọ́n wọ yàrá lọ, wọn kò sì jáde mọ́.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n dá gbogbo iṣẹ́ padà fún wọn láìku ẹyọ kan: kíláàsì tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bọ́ọ̀dù tí wọ́n máa kọ̀wé sí láti àárọ̀ di ọ̀sán, ṣíṣọ́ àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Ọwọ́ ọ̀tún tó wà níhà ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ni ọwọ́ tí Àǹtí mi fi ń kọ̀wé. Wọn kò bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n lọ gba kẹmó, ó sì dá wọn dúbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìyá tó ni iléèwé pè wọ́n sí ọ́fíìsì, ó fún wọn lómi mu, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ìlera yín ló ṣe kókó. Ẹ lọ sinmi dáadáa. Bí ara yín bá ti yá tán pátápátá, a ó pè yín.”

Àǹtí mi délé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wò mí, wọ́n ní: “Wọ́n ní kí n lọ sinmi. Ṣé owó iléèwé àwọn ọmọ náà máa bá mi sinmi ni?”

Ìpè náà kò wá. Ní oṣù kẹsàn-án, olùkọ́ mìíràn ló wà ní kíláàsì kẹrin.

Èrò mi rèé. Ohun méjì péré ni àwọn ibi iṣẹ́ wa mọ̀ ọ́n ṣe fún obìnrin tó bá ti orí iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú dé. Èkínní ni pé kí wọ́n gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lé e lórí lọ́jọ́ kan náà, bí ẹni pé ìrìn àjò ló lọ. Èkejì ni pé kí wọ́n gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ dídùn tì í síta. Àárín méjèèjì ni ọ̀nà tó tọ́ wà, ìyẹn ni pé kí a gé iṣẹ́ náà mọ ara tó wà báyìí, kí a sì máa fi kún un bí agbára rẹ̀ ṣe ń padà. Kò yẹ kí èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ àánú ọ̀gá. Ẹ̀tọ́ ló yẹ kó jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí iṣẹ́ abẹ yìí ń ṣe fún ara. Bí wọ́n bá yọ kókó abíyá, omi ara lè má rí ọ̀nà kọjá dáadáa mọ́, ọwọ́ ìhà ibẹ̀ sì lè wú. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Èjìká lè le, kí gbígbé apá sókè sì di iṣẹ́. Kẹmó máa ń mú àárẹ̀ wá, irú àárẹ̀ tí oorun alẹ́ kan kì í lé lọ, ó sì lè mú kí ènìyàn máa gbàgbé nǹkan. Ọ̀pọ̀ ni yóò tún gba ìtọ́jú ìtànṣán, tí wọ́n á máa lọ gbà lójoojúmọ́ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn tí omi ìsúnniṣe ara obìnrin ń bọ́ jẹjẹrẹ tiwọn á máa lo oògùn bíi tamoxifen fún ọdún 5, nígbà mìíràn fún ọdún 10.

Ẹ wá gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ “bí ara yín bá ti yá tán pátápátá.” Ọjọ́ wo nìyẹn? Ẹni tí a bá ní kó dúró de ọjọ́ yẹn kó tó padà síṣẹ́, a ti lé e lọ nìyẹn, a kàn fi oyin pa ọ̀rọ̀ náà ni.

Àwọn elétò ìlera fúnra wọn kò tilẹ̀ sọ pé kó máa jókòó ṣáá. Obìnrin tó ń kọ́ Àǹtí mi ní eré ìdárayá nílé ìwòsàn ní kí wọ́n máa fi ìka gun ògiri lójoojúmọ́ bí aláǹgbá, díẹ̀díẹ̀, títí ọwọ́ yóò fi tún ga dé ibi tó ń ga dé tẹ́lẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá pa ọwọ́ náà tì, èjìká yóò gan. Ó ní kí wọ́n máa rìn, nítorí pé ìrìn díẹ̀díẹ̀ máa ń dín àárẹ̀ kù. Ohun tó kìlọ̀ fún wọn nípa rẹ̀ ni ẹrù wúwo àti àṣejù.

Ibí ni mo ti gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tèmi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Àǹtí mi tí wọ́n ń fi ọwọ́ òsì gbá pálọ̀. Mo já ìgbálẹ̀ gbà, mo ní, “Ẹ̀yin náà, ẹ sinmi, ẹ jọ̀ọ́!” Mo rò pé wọ́n á súre fún mi. Wọ́n dákẹ́, wọ́n jókòó, wọ́n ní: “Ìwọ náà ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Èyí tí mo lè ṣe, ẹ jẹ́ kí n ṣe é. Èyí tí mi ò lè ṣe, máa pè yín.” Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò sí ẹnì kan nínú wa, nílé tàbí níbi iṣẹ́, tó ti bi wọ́n rí pé, “Èwo lẹ lè ṣe?” Gbogbo wa la ti bá wọn dáhùn tán. Bẹ́ẹ̀, olóhun ló mọ ibi tí ẹrù òun ti wúwo.

Kí ni òfin wí? Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 1974, ní kí òṣìṣẹ́ tí àìsàn dá dúró, tí dókítà sì jẹ́rìí sí i, gba owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ju 12 lọ láàárín ọdún kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ìtọ́jú ìtànṣán bá gba ọ̀sẹ̀ 3, bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọjọ́ iṣẹ́ 15 nìyẹn. Ọjọ́ 12 ti tán kí ìtànṣán tó parí, a kò sì tíì ka ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, a kò tíì ka ti kẹmó. Òfin kan náà fún aláboyún ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fún ìyá ọlọ́mọ ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fọ́mọ lọ́mú. Ó dára bẹ́ẹ̀. A ti gbà pé ara obìnrin nílò àsìkò nígbà tí ọmú rẹ̀ bá ń bọ́ ọmọ. A kò tíì ronú kan ìgbà tí ọmú náà bá ń ṣàìsàn.

Ọ̀rọ̀ tún kù. Òṣìṣẹ́ alágbára àti akọ̀wé ni òfin yẹn ń bá wí. Ó yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ amọ̀ṣẹ́dunjú sílẹ̀. Nítorí náà, ìwé ìgbanisíṣẹ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ iléèwé aládàáni ní láti gbára lé. Mo ka ti Àǹtí mi. Ojú ìwé kan péré ni. Ó sọ àkókò tí wọ́n gbọ́dọ̀ dé, ó sọ aṣọ tí wọn kò gbọ́dọ̀ wọ̀, ó sọ iye tí wọ́n máa yọ bí wọ́n bá pẹ́ dé. Kò sí àìsàn níbẹ̀ rárá, àfi bí ẹni pé irin ni wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́.

Kì í ṣe pé a kò mọ bí a ṣe ń ṣe irú òfin tí mò ń wí yìí. Òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ nítorí HIV àti AIDS wà ní Nàìjíríà, ti 2014. Ó ka á léèwọ̀ kí ọ̀gá iṣẹ́ lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó ní kòkòrò HIV. Ohun tí a ṣe fún àìsàn kan tí ìtìjú bò mọ́lẹ̀ nígbà kan, a lè ṣe é fún èyí náà. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà lè jẹ́rìí: lábẹ́ Equality Act ti 2010, láti ọjọ́ tí dókítà bá ti sọ pé jẹjẹrẹ ni, òfin ti dáàbò bo òṣìṣẹ́ náà, ọ̀gá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tún iṣẹ́ rẹ̀ tò níwọ̀n tó bá bójú mu. Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ àǹfààní irú ètò bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì ní iléèwé tàbí ilé iṣẹ́ nílé, ẹ má jẹ́ kó parí sí pápá ọkọ̀ òfuurufú.

Ìtìjú tí mo dárúkọ yẹn náà yẹ ká gbé yẹ̀ wò. Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ Yorùbá mọ̀ pé àwọn baba wa kì í pe Ṣọ̀pọ̀ná lórúkọ gbangba. Olóde ni wọ́n ń pè é, tàbí Ilẹ̀gbóná. Ẹ̀rù àrùn tó ń ràn ló fà á. Jẹjẹrẹ kì í ràn. Kò sí lára ife, kò sí lára àga, kò sí nínú ọwọ́ tí a bọ̀. Síbẹ̀, ẹnì kan nínú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ Àǹtí mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ife tirẹ̀ wá láti ilé. Àwọn mìíràn kò mọ ohun tí wọn ì bá sọ, wọ́n bá ń yà fún wọn lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ èdè wa kò hánní kíkí. Ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ewu, “Ẹ kú ewu” la ń kí i. Ọ̀rọ̀ yẹn tó. Kò nílò ká sunkún lé e lórí, kò sì nílò ká kéde rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ iléèwé. Ara tirẹ̀ ni, òun ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ẹni tó máa sọ fún.

Ẹni tó bá ní kí obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ jókòó sílé kó sì rántí Betty Anyanwu-Akeredolu. Ní 1997 ni wọ́n mọ̀ pé àwọn ní jẹjẹrẹ ọmú. Wọn kò fi pamọ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti máa la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀, ogún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n sì di ìyàwó gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti 2017 títí di 2023. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo obìnrin ló ní irú àǹfààní tí wọ́n ní. Ìdí gan-an tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Mo ti ń gbọ́ èsì àwọn tó ni iléèwé: “Òbí ń sanwó. Ọmọ gbọ́dọ̀ rí olùkọ́. Mi ò lè san owó ènìyàn méjì fún iṣẹ́ ẹnì kan.” Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, n kò sì fẹ́ fojú tín-ín-rín rẹ̀. Iléèwé kéékèèké ò lówó bí ilé ìfowópamọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń béèrè kò fi bẹ́ẹ̀ ná ẹnikẹ́ni lówó. Kí ló ń náni láti gbé kíláàsì kan láti òkè wá sí ìsàlẹ̀? Kí ló ń náni bí ọ̀dọ́ olùkọ́ kan bá ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ̀wé sí bọ́ọ̀dù, tí ẹ̀gbọ́n náà sì ń bá a yẹ ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá wò? Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún oṣù méjì, kí owó rẹ̀ sì jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́ta, ṣé kò sàn ju kí a pàdánù ẹni tó ti lo ọdún mọ́kànlá?

Baba wa ní orúkọ fún èyí. Nínú kíláàsì àṣà ni wọ́n ti kọ́ wa ní àáró: ọjọ́ yìí ni a ro oko tìrẹ, ọjọ́ mìíràn ni a ro tèmi. A kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, a gba máàkì, a sì fi sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ìyá wa lọ́jà kò fi í sílẹ̀. Ẹ lọ sí Bódìjà. Bí ìyá aláta kan bá lọ sílé ìwòsàn, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò máa bá a tajà, tí yóò sì ka owó fún un lálẹ́. Ìyá yẹn kò ní òfin kankan tó ń dáàbò bò ó, kò sí ẹni tó ń sanwó oṣù fún un. Àáró ló ní. Ṣé ọ́fíìsì tí a kàwé ká tó wọ̀ ló wá yẹ kó burú ju ìsọ̀ ata lọ?

Àǹtí mi ti ríṣẹ́ báyìí ní iléèwé mìíràn tó kéré ju ti àkọ́kọ́. Owó rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ara wọn, wọ́n sì múra láti gbọ́ “Ẹ lọ sinmi.” Ọ̀gá ibẹ̀ kọ́kọ́ ní, “Ẹ kú ewu, mà.” Ó wá bi wọ́n pé, “Kí lẹ lè ṣe, kí sì ni ẹ fẹ́ ká bá yín ṣe?” Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nísàlẹ̀ ilé, pẹ̀lú ọ̀dọ́ olùkọ́ kan tó ń bá wọn kọ̀wé sí bọ́ọ̀dù. Ní táàmù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ń lọ lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní ilé ìwòsàn, ọ̀dọ́ olùkọ́ yẹn á di kíláàsì mú fún wọn. Nígbà tí òun náà bímọ, Àǹtí mi ló di tirẹ̀ mú.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nígbà mìíràn tí ẹnu yín bá fẹ́ sọ pé “Ẹ lọ sinmi,” ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè.